Sólò Tí A Pè Ní Opó

Ní àwọn ọdún tí àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìjọba ní ilẹ̀ wa, yàrá kan wà ní àdúgbò Dowa ní Àjàṣẹ́, níbi tí a ti máa ń jiyàn lórí gìtá oníná. Yàrá náà kì í ṣe tiwa. Ti ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe ni, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Àlájì bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì dé Mẹ́kà rí. Bí ènìyàn bá bi í, á ní bàbá òun ló lọ, oyè náà ló ṣẹ́kù sílé tí òun ń lò ó kó má baà bàjẹ́. Rédíò tí wọ́n ti tú ìfun wọn síta kún orí tábìlì rẹ̀. Giramafóònù rẹ̀ nìkan ló wà lórí àpótí tirẹ̀ ní igun yàrá. Aṣọ funfun ló fi ń bò ó, kò sì sí ẹni tó gbọdọ̀ ṣí i bí kò ṣe òun.

Àwa mẹ́rin la máa ń pàdé níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Àlájì ni ẹni kìíní. Ẹni kejì jẹ́ akọ̀wé ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Pọ́ọ̀sì là ń pè é, ọkùnrin gíga kan tí kì í lè sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ẹni kẹta ni onígìtá, ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ tirẹ̀. Èmi ni ẹni kẹrin. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń kọ́ni, nítorí náà Mẹ̀tìrì ni wọ́n ń pè mí, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo olùkọ́ ní Àjàṣẹ́ nígbà náà.

Onígìtá kéré sí àwa yòókù lọ́jọ́ orí. Kò mọ iṣẹ́ mìíràn ju gìtá lọ. Bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ sì ń ta epo àtùpà nínú ìgò lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn. Gìtá pupa tó ń ta kì í ṣe tirẹ̀. Ti oníṣòwò kan ni, tó ra gbogbo ohun èlò ẹgbẹ́ olórin kan, tó sì kó àwọn ọ̀dọ́ jọ láti máa lò wọ́n níbi ìgbéyàwó àti nílé ijó. Kò sí ọ̀nà kankan tí ọ̀rẹ́ wa lè gbà ra irú rẹ̀. Àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ni gìtá náà ń gbé. Bó bá ń sùn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń wà, lábẹ́ aṣọ kan náà.

Àwo orin rọ́ọ̀kì ń dé ọ̀dọ̀ wa láti Èkó, gba ọ̀nà ibodè Sèmè-Kpodji, nínú ẹrù àwọn awakọ̀. Kò sí ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nínú wa, Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa. A kò mọ ohun tí àwọn olórin náà ń wí, a kò sì lè pe àkọlé orin wọn kó já geere. Àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu wọn la ń tẹ̀ lé. Sólò ni, èyíinì ni ibi tí olórin ti dákẹ́ tí gìtá nìkan ń sọ̀rọ̀. A ń sọ sólò kọ̀ọ̀kan lórúkọ fúnra wa, bí a ṣe ń sọ ọmọ lórúkọ nílé wa: a ń wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tó dé. Ọ̀kan ń jẹ́ Abíọ́nà, nítorí inú ọkọ̀ tó bàjẹ́ sójú ọ̀nà la ti gba àwo rẹ̀. Òmíràn ń jẹ́ Òjò. Òmíràn ń jẹ́ Òkùnkùn, nítorí iná lọ nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ọ̀sẹ̀ kan gbáko sì kọjá kí a tó mọ bó ṣe parí.

Èmi ni mo gbé òfin kalẹ̀. Láìsí òfin, ariwo ni Pọ́ọ̀sì ì bá máa fi borí gbogbo wa. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé sólò kan dùn kó sì dákẹ́, ó gbọdọ̀ fi ibi tó ti dùn hàn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yin olórin nítorí irun rẹ̀ tàbí nítorí àwòrán ara páálí àwo. Onígìtá kì í dìbò. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti fi gìtá ta ibi tí iyàn wà, kí a lè tún un gbọ́.

"Òkùnkùn lọ̀gá gbogbo wọn," Pọ́ọ̀sì á wí. "Ẹ gbọ́ bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń sáré! Èmi ò tíì gbọ́ ohun tó ń sáré báyẹn rí."

"Ta ló ń lé e?" Àlájì á bi í. "Àbí òun náà jí sítáǹpù ìjọba ni?"

"Ẹ gbọ́ ẹnu Àlájì tí kò mọ ọ̀nà Mẹ́kà."

"Mo mọ̀ ọ́n. Lẹ́tà tí mo fi ń bèèrè ọ̀nà ló há sọ́dọ̀ yín ní pọ́ọ̀sì."

"Ibo ló ti dùn, Pọ́ọ̀sì?" èmi á wí. "Fi ibẹ̀ hàn wá."

"Gbogbo rẹ̀ ni, Mẹ̀tìrì!"

"Gbogbo rẹ̀ kì í ṣe ibì kan."

Bó ṣe ń lọ nìyẹn. A jiyàn bóyá ẹni tó ta ohùn púpọ̀ ló ga jù, tàbí ẹni tó ta díẹ̀ tó jẹ́ kó wọni lára. A jiyàn bóyá ariwo tí gìtá oníná ń hu nígbà tí wọ́n bá yí iná rẹ̀ sókè, tó ń dún bí irin tí wọ́n ń wọ́ lórí síméǹtì, jẹ́ orin tàbí àbùkù. Àlájì ní àbùkù ni, pé bí rédíò kan bá dún báyẹn lọ́dọ̀ òun, òun á tú u wò ni. Onígìtá rẹ́rìn-ín. Ó yí bọ́tìnnì àpótí tó ń gbé ohùn gìtá jáde dé òpin, ó ta ohùn kan ṣoṣo, gbogbo rédíò orí tábìlì sì gbọ̀n.

"Ẹ tú ìyẹn náà wò," ó wí.

Lọ́jọ́ tí àwọn ológun gba ìjọba, ní ìparí oṣù kẹwàá, orin ọmọ ogun la kọ́kọ́ gbọ́ lórí rédíò. Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn dùn. N kò ní purọ́ pé tèmi kò dùn, nítorí àwọn olóṣèlú tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti sú wa. Àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ìlú ń dì. Wọ́n dá kọmité sílẹ̀ ní àdúgbò, ní ilé iṣẹ́ àti ní ilé ẹ̀kọ́. Kámáráàdì, èyíinì ni ọ̀rẹ́ nínú ẹgbẹ́, di orúkọ gbogbo ènìyàn. Àwọn tí a jọ ń tàkúrọ̀sọ lójú pópó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ̀yìn wọn kí wọ́n tó la ẹnu. Wọ́n mú ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan tí mo mọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ sì ń gbé oúnjẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó sọ fún un pé kò sí níbẹ̀. Ibodè ń ṣí, ó ń tì. Ohun èlò tí Àlájì ń retí láti Èkó kò dé mọ́.

Àkókò yìí ni rọ́bà tó ń yí giramafóònù já. Àlájì gé òmíràn láti inú tíúbù kẹ̀kẹ́ àtijọ́, ó lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ó fi í síbẹ̀, ẹ̀rọ náà sì tún ń yí. A yìn ín gidigidi. Mo fẹ́ sọ ọ́ báyìí kí òǹkàwé má baà ṣi nǹkan gbọ́: rọ́bà náà rọ̀ jù, ó ń yọ̀, àwo kò sì yí bó ṣe yẹ mọ́. Ó ń lọ́ra. Bí àwo bá ń lọ́ra, kì í ṣe pé orin á falẹ̀ nìkan, ohùn rẹ̀ náà á lọ sílẹ̀, á wúwo. Àwa kò mọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni rọ́bà náà ń nà, etí wa sì ń bá a lọ. Lọ́jọ́ kan tí a gbé àwo olórin ìlú wa kan sí i, Pọ́ọ̀sì bèèrè pé, "Ṣé ọ̀fìnkìn ń ṣe ọkùnrin yìí ni?" Àlájì ní oòrùn ló ti ba àwo náà jẹ́. A gbà bẹ́ẹ̀. Kò sí giramafóònù mìíràn nítòsí tí a lè fi wé e, àwọn àwo tó ń dé lẹ́yìn náà sì jẹ́ àjèjì sí wa. Bí a ṣe kọ́kọ́ gbọ́ wọn ni a rò pé wọ́n rí.

Nígbà tí nǹkan rí báyìí ni awakọ̀ kan já àwo kan sílẹ̀ fún wa. Bí Àlájì ṣe gbé abẹ́rẹ́ lé e, obìnrin kan tó wọ aṣọ dúdú dé ẹnu ọ̀nà. Ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni, rédíò ọkùnrin náà ló wá gbà. Kó tó sọ̀rọ̀, sólò bẹ̀rẹ̀. Ohùn gìtá náà jìn, ó ń fà, ó ń dúró, ó tún ń tẹ̀ síwájú, bí ẹni tó ń sunkún tí kò fẹ́ kí ará ilé gbọ́. Obìnrin náà dúró síbẹ̀ títí ó fi parí. Ó gba rédíò, ó gbé e sí abẹ́ apá, ó sì lọ. Kò sí ẹni tó tún dábàá orúkọ mìíràn. Opó la sọ ọ́.

Láti ọjọ́ náà, Opó ló ń borí nínú gbogbo iyàn. Pọ́ọ̀sì pàápàá ń sọ̀rọ̀ Òkùnkùn lásán kí iyàn má baà kú ni. Onígìtá fi ọ̀pọ̀ oṣù kọ́ ọ. Ó ní láti tú okùn gìtá rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ kí ohùn rẹ̀ tó lè bá ti àwo mu, ó sì rò pé bí àwọn tó ta á ṣe ń ṣe nìyẹn.

"Ẹ gbọ́ ibí yìí," ó sọ fún wa lọ́jọ́ kan. "Ohùn kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ó tẹ okùn, ó dúró, ó jẹ́ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán, ó wá fà á gòkè bí ẹni ń fa omi láti inú kànga tó jìn. Ẹni tó bá kánjú níbẹ̀, omi á dà nù."

"Pọ́ọ̀sì, ṣé o gbọ́?" Àlájì wí. "Bí wọ́n ṣe ń fi ibì kan hàn nìyẹn."

Lẹ́yìn èyí ni oníṣòwò tó ni gìtá sá. Wọ́n ní kọmité fẹ́ yẹ ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀ wò, òun àti ìdílé rẹ̀ sì wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n gba orí ọ̀sà lọ sí Bàdágìrì. Kọmité kó gbogbo ohun tó fi sílẹ̀. Wọ́n dé ilé ọ̀rẹ́ wa ní ọ̀sán gangan, wọ́n ní àwọn wá gba gìtá. Ìyá rẹ̀ ló sọ fún mi pé kò jà, kò sunkún. Fúnra rẹ̀ ló gbé e dé inú ọkọ̀ wọn, ó sì ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má fi ọrùn rẹ̀ lélẹ̀, pé ọrùn rẹ̀ lè wọ́.

Wọn kò fẹ́ ta gìtá náà. Wọ́n fẹ́ dá ẹgbẹ́ olórin tuntun sílẹ̀ tí yóò máa kọrin Àyípadà, bí wọ́n ṣe ń pe ìjọba tuntun náà, níbi ìpàdé ìta gbangba. Àyè ẹnì kan ṣoṣo ló wà fún sólò. Wọ́n kéde pé kí ẹni tó bá mọ gìtá ta wá sí Ilé Àwọn Ọ̀dọ́. Yóò bá àwọn yòókù ta orin Àyípadà tuntun, láàárín rẹ̀ yóò ta sólò kan tó bá wù ú. Ẹni tí wọ́n bá mú ni gìtá pupa yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí wọn kò bá mú yóò wá iṣẹ́ mìíràn, nítorí wọ́n ti ń sọ ọ́ ní ìpàdé pé kò sí àyè fún ẹni tí kò níṣẹ́ nígboro. Ẹ̀gbọ́n ìyá ọ̀rẹ́ wa ní oko ọ̀pẹ ní Avrankou. Ó ti ránṣẹ́ pé òun ń retí rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ wa wá bá mi nílé ẹ̀kọ́ nígbà tí àwọn ọmọ ti lọ tán. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì àwọn ọmọ kéékèèké, orúnkún rẹ̀ ga dé àyà.

"Mẹ̀tìrì," ó wí, "bí wọn ò bá mú mi, ọwọ́ mi ò ní kan an mọ́ láyé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú sólò tí màá ta. Kò yẹ kí n dá a ṣe."

Sátidé tó tẹ̀ lé e, iyàn wa kì í ṣe eré mọ́. Pọ́ọ̀sì ní kó ta Òkùnkùn. "Àwọn èèyàn yìí fẹ́ràn ohun tó yára. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń rìn." Àlájì ní Opó ni, nítorí kò sí ẹni mìíràn tó lè ta á ní gbogbo Àjàṣẹ́. Mo bi onígìtá léèrè èwo ni ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ jù.

"Opó," ó wí. "Òkùnkùn, mo lè ta á. Opó, èmi ni mo ni ín."

Pọ́ọ̀sì wò ó títí, ó sì nawọ́ sókè. Gbogbo wa dìbò fún Opó. Nítorí pé kò ní gìtá lọ́wọ́ mọ́, ó fi èédú fa ìlà okùn mẹ́fà sára pákó kan, ó sì ń fi ìka rìn lórí rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ìyá rẹ̀ ní gbogbo aṣọ orí ibùsùn ló ti dúdú.

Lọ́jọ́ ìdánwò, gbọ̀ngàn náà gbóná, ó sì kún. Aṣojú kọmité jókòó sídìí tábìlì níwájú. Olùkọ́ bíi tèmi ni tẹ́lẹ̀, mo mọ̀ ọ́n. Ó ti wá wọ aṣọ kakí, kò sì kí mi bí a ṣe ń kí ara wa. Lórí pèpéle ni àwọn olùlù wà pẹ̀lú ọkùnrin kan láti Kùtọnu tó ń ta gìtá olóhùn ńlá, èyí tí wọ́n ń pè ní báàsì. Àwa mẹ́ta jókòó sẹ́yìn. Àlájì ń fọwọ́ ka tẹ̀súbáà rẹ̀.

Wọ́n gbé gìtá pupa fún ọ̀rẹ́ wa. Ó gbà á bí ẹni gba ọmọ. Bó ṣe ta ohùn kìíní, oníbáàsì ní okùn rẹ̀ ti rọ̀ jù, pé ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ sí tàwọn. Wọ́n bá a fà á le. Mo rí i pé ìyẹn dà á láàmú, àmọ́ orin Àyípadà lọ dáadáa, kò ṣi ibì kankan ta. Nígbà tí wọ́n dé àárín rẹ̀ tí sólò kàn, oníbáàsì béèrè èyí tó fẹ́ ta. Kò mọ orúkọ orin náà, kò sì lè pè é ní Opó fún wọn. Ó tẹ ẹnu mọ́ gbohùngbohùn, ó fi imú kùn ún díẹ̀.

Ojú oníbáàsì là. "Èyí kẹ̀? Mo mọ̀ ọ́n dáadáa! Gbogbo Kùtọnu ló ń jó o."

Ó ka ọ̀kan, méjì, mẹ́ta ní Faransé, kíákíá, àwọn olùlù sì gbé ìlù ijó. Oníbáàsì wọlé, ara rẹ̀ ń mì, ó ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀rẹ́ wa pé kó máa bọ̀.

Ọ̀rẹ́ wa wò wọ́n bí ẹni tí wọ́n fi obìnrin àjèjì kan hàn tí wọ́n ní ìyá rẹ̀ nìyí. Ó wọlé, ó pẹ́ jù. Ó gbìyànjú láti lé wọn bá. Ìka rẹ̀ ń kọlu ara wọn, ohùn tó yẹ kó dúró lé kò ní àyè láti dúró. Ó dáwọ́ dúró. Àwọn kan rẹ́rìn-ín nínú gbọ̀ngàn.

"Kámáráàdì, ẹ jọ̀ọ́," ó wí, "ẹ jẹ́ kí n dá a ta."

Aṣojú kọmité fọwọ́ sọ pé kó máa ta á. Àwọn yòókù dákẹ́. Ó di ojú, ó sì ta Opó bí a ṣe mọ̀ ọ́n ní Dowa. N kò ní agbára láti ṣàpèjúwe rẹ̀ ju bí mo ti ṣe lọ. Ohun tí mo lè sọ ni pé ẹ̀rín tán nínú gbọ̀ngàn náà, pé obìnrin kan tó jókòó níwájú wa fi ìbòrí bo ẹnu, àti pé nígbà tó dé ibi ohùn kan ṣoṣo tí ń fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, Pọ́ọ̀sì tí kì í lè dákẹ́ di ọwọ́ mi mú. Nígbà tó parí, kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́. Wọ́n ń wo ojú aṣojú kọmité.

"Kámáráàdì," aṣojú kọmité wí, "ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú."

"Ọ̀fọ̀ lo ta sí mi létí yìí. Orin Àyípadà là ń ta, o wá dá a dúró, ò ń sunkún láàárín rẹ̀. Ta lò ń sunkún? Ṣé oníṣòwò tó sá yẹn ni?"

"Rárá o. Bí orin náà ṣe rí nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí," oníbáàsì wí. Kò fi ibi sọ ọ́. Onítọ̀hún kàn fẹ́ràn òtítọ́ ni. "Orin ijó ni."

"Ẹ gbọ́ ọ," aṣojú kọmité wí, ó sì yíjú sí gbogbo wa. "Orin ijó ni. Òun ló mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọ́ di ẹkún."

Ọ̀dọ́kùnrin kan láti Kùtọnu ló kàn. Ó ta sólò kan tó yára, tó sì mọ́ tónítóní. N kò lè sọ pé kò mọ̀ ọ́n ta. Òun ni wọ́n mú. Ọ̀rẹ́ wa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle títí wọ́n fi pe orúkọ ẹlòmíràn, ó wá jáde. A pè é, kò wẹ̀yìn.

Ọkàn oníbáàsì kò balẹ̀. Ó wá wa wá sí Dowa, ó béèrè ibi tí ọ̀rẹ́ wa ti gbọ́ orin náà bẹ́ẹ̀. Àlájì ṣí aṣọ funfun, ó gbé àwo sí i. Ọkùnrin náà fetí sí i fún ìgbà díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé abẹ́rẹ́ kúrò, ó yọ pátákó tí àwo ń jókòó lé, ó sì fi ìka méjì fa rọ́bà náà jáde. Ó ń rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀ bí ekòló.

"Ẹ̀rọ yín ń falẹ̀ ni," ó wí.

Ó gbé rọ́bà náà lé Àlájì lọ́wọ́.

"Mo máa sòótọ́ fún yín. Ohun tí ọmọkùnrin yẹn ta dùn ju èyí tí mo mọ̀ lọ. Àmọ́ kò sí ẹni tó ta á bẹ́ẹ̀ rí ní gbogbo ayé."

Àlájì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn rédíò rẹ̀. "Ọwọ́ mi ló gé e," ó ń wí. Mo sọ fún un pé kò tọ̀nà kó gbé gbogbo ẹ̀bi ka orí ara rẹ̀, pé ẹni tí ibodè tì mọ́ tó fi tíúbù kẹ̀kẹ́ gba ẹ̀rọ là ti ṣe ohun tó yẹ kí oníṣẹ́ ṣe. Ó ní òun gbọ́. Kò gbọ́.

Èmi àti Pọ́ọ̀sì lọ bá aṣojú kọmité ní ọ́fíìsì rẹ̀ láti ṣàlàyé. Mo mú rọ́bà náà dání. Mo tò ó lẹ́sẹẹsẹ fún un: rọ́bà tó rọ̀, àwo tó ń lọ́ra, ohùn tó lọ sílẹ̀. Ó jẹ́ kí n parí.

"Mẹ̀tìrì, ẹ wá sọ fún mi pé rọ́bà kẹ̀kẹ́ ló ń sunkún?"

"Òótọ́ ni, kámáráàdì."

"Ó dáa. Kí ni ẹ̀yin mẹ́rin ń pàdé ṣe nínú yàrá yẹn ní gbogbo Sátidé?"

"À ń jiyàn," Pọ́ọ̀sì wí. "Lórí gìtá."

"Lórí gìtá. Ẹ̀ ń dìbò?"

Pọ́ọ̀sì wò mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, a máa ń dìbò.

"Ta ló fún yín láṣẹ?"

Kò fi ohùn líle bá wa sọ̀rọ̀. Ó ní ká máa lọ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé Pọ́ọ̀sì lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ kan lókè àríwá, níbi tí kò ti gbọ́ èdè ẹnikẹ́ni. Àlájì ti ilẹ̀kùn yàrá náà ní Sátidé. Èmi ń lọ sí ìpàdé kọmité ilé ẹ̀kọ́ bí wọ́n ṣe ní ká máa lọ, mo sì ń jókòó sí àárín.

Mo rí gìtá pupa náà lẹ́ẹ̀kan sí i níta gbangba, lọ́jọ́ tí wọ́n kó àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ jáde láti wá kọrin. Ọ̀dọ́kùnrin Kùtọnu gbé e kọ́rùn. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń jó.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, mo gun mobilẹ́ẹ̀tì, alùpùpù kékeré mi, lọ sí Avrankou láti kí ọ̀rẹ́ wa. Mo bá a lábẹ́ igi, ó ń já ẹyìn kúrò lára ìdì. Ó ti rù.

"Ẹ káàbọ̀, Mẹ̀tìrì. Ṣé kò sí nǹkan o?"

"Kò sí nǹkan. Mo ní kí n wá rí ọ."

A jókòó. Mo sọ fún un pé oníbáàsì ti bá Àlájì wá rọ́bà tó tọ̀nà ní Kùtọnu, pé giramafóònù ti ń yí bó ṣe yẹ, àti pé bí wọ́n bá gbé àwo náà sí i báyìí, àwọn ọmọ tó ń kọjá máa ń dúró jó lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní bó bá fẹ́, kó bá mi kálọ kó wá gbọ́ ọ.

"Ijó kẹ̀?" ó wí.

"Ijó ni."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, kò sì dé ojú rẹ̀. "A ti sọ ẹni tí ọkọ rẹ̀ wà láàyè ní opó nìyẹn."

Ó ní òun ò ní wá gbọ́ ọ. Ó béèrè ẹni tó ń lo gìtá náà, mo sì sọ fún un. Ó béèrè bóyá ọmọkùnrin náà ń nu okùn rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ta á tán, nítorí òógùn máa ń jẹ ẹ́. Mo ní n kò mọ̀. Ó mi orí.

Nígbà tó ṣe, ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ sí mi. Lórí ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, awọ líle tí okùn gìtá ti mọ síbẹ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀ ń bó sílẹ̀ ní eérún-eérún. Awọ tuntun tó wà lábẹ́ rẹ̀ pọ́n, ó sì ń dán. Àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló ti wá le báyìí, níbi tó ti ń di èèkù àdá mú.

"Ẹ fọwọ́ kàn án wò," ó wí.

Mo fọwọ́ kàn án. Ó rọ̀ bí etí ọmọdé.

"Bí wọ́n bá tiẹ̀ dá gìtá náà padà fún mi lónìí," ó wí, "ẹ̀jẹ̀ ni yóò máa jáde lára ìka mi."

Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ pè é láti inú oko. Ó dá a lóhùn, ó mú àdá rẹ̀ nílẹ̀, ó ní kí n bá òun kí Àlájì, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́.